Ọdún méjì pẹ̀lú kámẹ́rà àkọ́kọ́ mi: Canon EOS 2000D, lẹ́ńsì méjì, àti ẹrù tí n kò lò

Ọjọ́ tí mo ra kámẹ́rà yìí, ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbé páálí rẹ̀ wọlé. Kámẹ́rà wà nínú rẹ̀, lẹ́ńsì kan wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni àwọn nǹkan tí ẹni tó tà á fún mi kó mọ́ ọn: báàgì, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta oníke, gíláàsì pẹlẹbẹ mẹ́ta tí wọ́n ń yí mọ́ iwájú lẹ́ńsì, mẹ́mórì káàdì, rọ́bà tí wọ́n fi ń fẹ́ eruku, àti aṣọ ìnugíláàsì. Mo rò pé mo jèrè. Fọ́tò tí mo ti fi kámẹ́rà náà yà báyìí ti lé ní 14,000. Nínú gbogbo ẹrù yẹn, báàgì, rọ́bà àti aṣọ nìkan ni mo ṣì ń lò, ohun tó sì sọ fọ́tò mi di fọ́tò kò sí nínú páálí náà rárá.

Kí n tó rà á, megapixel ni mo máa ń wò, ìyẹn iye mílíọ̀nù àmì tín-tìn-tín tó para pọ̀ di fọ́tò. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá pọ̀ jù ni mo kà sí ọ̀gá. Bọ̀dá mi kan tó ti ń ya fọ́tò tipẹ́ ló bi mí pé, “Àbúrò, fọ́tò tó o fẹ́ tẹ̀ jáde, báwo ló ṣe máa tóbi tó?” Mo ní bóyá èyí tí màá gbé kọ́ sára ògiri, ìwọ̀n bébà A4. Ó bá mi ṣírò rẹ̀: kí A4 tó mọ́ kedere, megapixel tó ń fẹ́ kò pé 9. EOS 2000D, tó jáde lọ́dún 2018, ní 24.1. Ó tó, ó tún ṣẹ́kù. Ó ní ojú inú kámẹ́rà tí ìmọ́lẹ̀ ń bà lé, tí wọ́n ń pè ní sensor, ni kí n máa wò. Ti kámẹ́rà yìí jẹ́ irú APS-C, mìlímítà 22.3 ní fífẹ̀, 14.9 ní gíga. Ti fóònù kéré sí i púpọ̀púpọ̀. Bí igbá tó fẹnu ṣe ń gba omi òjò ju ife lọ, bẹ́ẹ̀ ni sensor tó fẹ̀ ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀.

Níkẹyìn, ó ku èyí àti Nikon D3500, tí òun náà jáde ní 2018. Mo gbé àwọn méjèèjì dání kí n tó sanwó, mo sì rọ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ rà láti ṣe bẹ́ẹ̀. Kí n sọ òtítọ́, Nikon ló bá ọwọ́ mi mu jù. Ibi tí ìka ti ń dì í mú jìn dáadáa, ó sì fúyẹ́: gíráàmù 415 pẹ̀lú bátìrì àti káàdì nínú rẹ̀, nígbà tí Canon jẹ́ 475. Bátìrì Nikon yẹn, nínú ìdánwò tí àwọn ilé-iṣẹ́ kámẹ́rà jọ ń lò, lè ya fọ́tò 1,550 kó tó kú. Ti Canon jẹ́ 500. Síbẹ̀ Canon ni mo mú, nítorí lẹ́ńsì àlòkù. D3500 kò ní mọ́tò fókọ́ọ̀sì, ìyẹn èyí tó ń yí lẹ́ńsì kí ohun tá a ń yà lè mọ́ kedere, nínú ara rẹ̀, nítorí náà àwọn lẹ́ńsì Nikon àtijọ́ tí kò ní mọ́tò tiwọn, ọwọ́ lèèyàn máa fi wá fókọ́ọ̀sì wọn lórí rẹ̀. Lẹ́ńsì EF ti Canon, tó ti wà láti ọdún 1987, mọ́tò wà nínú àwọn tó ń wá fókọ́ọ̀sì fúnra wọn. Ẹni tó bá mọ̀ pé tuntun kọ́ lòun máa rà, kó fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn.

Kámẹ́rà fúnra rẹ̀ kò ṣòroó lò. Oṣù àkọ́kọ́ ni mo fi wà lórí àmì aláwọ̀ ewé, níbi tó ti ń ṣe gbogbo nǹkan fúnra rẹ̀, n kò sì kọ́ ohunkóhun lóṣù náà. Ìgbà tí mo yí i sí Av, tí èmi fúnra mi ń sọ bí ojú lẹ́ńsì ṣe máa ṣí tó, ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ìdí tí fọ́tò kan fi dára tí òmíràn kò fi dára. Ojú àmì mẹ́sàn-án ló fi ń wá fókọ́ọ̀sì, ti àárín ló sì lágbára jù, nítorí náà òun nìkan ni mo ń lò.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ibi tí mo ń lọ gan-an: lẹ́ńsì.

Èyí tó bá kámẹ́rà wá ni 18-55mm. Bí nọ́ńbà mm yẹn bá ṣe kéré tó ni ibi tí lẹ́ńsì ń rí ṣe ń fẹ̀ tó. Ní ìta, lójú ọ̀sán, kò sí ohun tó ṣe é, ó ń ya ilé, ó ń ya ojú, ó ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn pa pọ̀. Àmọ́ alẹ́ ni mo máa ń ráyè. Ẹni tí mo sì fẹ́ yà jù ni ọmọ àǹtí mi, ọmọ ọdún mẹ́ta tí kì í jókòó, nínú yàrá tó jẹ́ gílóòbù kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Gbogbo fọ́tò tí mo yà ló rí bí èéfín. Ojú kò hàn, ọwọ́ méjì di mẹ́rin. Mo rò pé ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n. Mo fara ti ògiri, mo di èémí mú, pàbó ló já sí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pé kámẹ́rà tí kò dára ni mo rà.

Bọ̀dá mi wo nọ́ńbà tó wà lábẹ́ ọ̀kan nínú wọn: f/5.6, ISO 1600 (bí kámẹ́rà ṣe ń fún ìmọ́lẹ̀ tó gbà lágbára tó), ìdá kan nínú ogún ìṣẹ́jú àáyá (bí ojú rẹ̀ ṣe pẹ́ tó ní ṣíṣí). Ó ní, “Ojú lẹ́ńsì rẹ ló há. Kámẹ́rà ń dúró kí ìmọ́lẹ̀ tó, ọmọ ò sì ní dúró dè é.” Ó yá mi EF 50mm f/1.8 STM tirẹ̀. Nọ́ńbà tó tẹ̀lé f yẹn, bó bá ṣe kéré tó ni ojú lẹ́ńsì ṣe ń ṣí tó, f/1.8 sì ń gba ìmọ́lẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá ti f/5.6. Ìdá kan nínú 20 di ìdá kan nínú 200. Yàrá kan náà, gílóòbù kan náà, ọmọ kan náà. Ó fò láti orí àga, mo tẹ̀ ẹ́, nígbà tí mo sì wò ó, ọmọ náà dúró sínú afẹ́fẹ́, ẹnu rẹ̀ là, mo rí eyín rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo pe àǹtí mi láti ilé ìdáná kó wá wò ó. Kí oṣù yẹn tó parí mo ti ra tèmi ní àlòkù.

Lẹ́ńsì yìí náà ní ibi tó kù sí. Kò ní súùmù, ẹsẹ̀ yín ni súùmù rẹ̀. Lórí sensor APS-C, ohun tó ń rí kéré, bí ìgbà tí 80mm bá wà lórí kámẹ́rà sensor ńlá, nítorí náà nínú yàrá kékeré ẹ̀yìn mi máa ń kan ògiri kí èèyàn mẹ́ta tó wọ inú fọ́tò. Ní f/1.8, ojú ọmọ lè mọ́ kedere kí etí rẹ̀ má hàn dáadáa. Bí èèyàn méjì bá jókòó, f/4 ni mo máa ń yí i sí. Ṣùgbọ́n gíráàmù 160 péré ni, n kì í sì í yọ ọ́ lára kámẹ́rà mọ́ àyàfi nídìí.

Káàdì inú páálí yẹn ṣì ń dùn mí. 128 GB ni wọ́n kọ sí i lára. Ó ṣiṣẹ́ fún oṣù mélòó kan láìsí wàhálà. Lọ́jọ́ kan tí gbogbo ẹbí péjọ, mo ya fọ́tò tó lé ní 300. Nígbà tí mo dé ilé tí mo kó wọn sórí kọ̀ǹpútà, àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ ṣí, àwọn tó kẹ́yìn kò ṣí, òmíràn ṣí ní ìlàjì tí ìlàjì kejì sì jẹ́ àwọ̀ eérú. Ibi tí ìyá wa àgbà ti ń súre fún àwọn ọmọ wà nínú èyí tó lọ. Ayédèrú ni káàdì náà. Irú rẹ̀ máa ń purọ́ ìwọ̀n fún kámẹ́rà: bí àyè tó ní ní tòótọ́ bá ti kún, á ṣì máa gba fọ́tò, ṣùgbọ́n kò ní tọ́jú rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dán káàdì wò kí ẹ tó fi ya ohun tí kò ṣeé tún yà. Ètò ọ̀fẹ́ H2testw wà fún Windows, F3 sì wà fún Linux àti Mac. Wọ́n á kọ nǹkan kún káàdì náà dẹ́nu, wọ́n á tún kà á padà, irọ́ á sì hàn. Ó ń pẹ́, ẹ fi sílẹ̀ kẹ́ ẹ lọ sùn. Ní báyìí, káàdì 32 GB méjì ni mo ń lò dípò ńlá kan, kó lè jẹ́ pé bí ọ̀kan bá kú, gbogbo iṣẹ́ kò bá a lọ. Fọ́tò RAW kan, ìyẹn èyí tí kámẹ́rà tọ́jú láìtíì fún un pọ̀ bíi JPEG, tó nǹkan bíi MB 30, nítorí náà ọ̀kan ń gba bíi ẹgbẹ̀rún kan. Àmì U1, tó ń fọwọ́ sọ̀yà pé káàdì ń kọ ó kéré tán MB 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tó fún fídíò kámẹ́rà yìí.

Bátìrì kejì, LP-E10, ni nǹkan kejì tí mo máa ní kí ẹ rà tẹ̀lé káàdì gidi. 500 tí mo sọ lókè yẹn, fún ẹni tó ń wo inú ihò kámẹ́rà ni. Bí ẹ bá ń fi gíláàsì ẹ̀yìn wò bíi ti fóònù, á dín kù gan-an.

Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta oníke yẹn ń mì bí atẹ́gùn bá fẹ́. Àpò kékeré tí mo rọ iyanrìn sí, tí mo gbé kámẹ́rà lé lórí tábìlì, tí mo sì fi í sí kó ya fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá méjì, sàn jù ú lọ. Gíláàsì pẹlẹbẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ mìlímítà 58, ìyẹn bá 18-55 mu. Ẹnu 50mm jẹ́ 49, wọn kò bá a mu rárá. Lálẹ́, wọ́n sì máa ń sọ iná kan di méjì nínú fọ́tò. Ìbòrí iwájú lẹ́ńsì, ES-68, ni mo rà fún 50mm, òun ló sì ti gba ìkọlù lára ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì dípò gíláàsì. Rọ́bà tó ń fẹ́ eruku wúlò ju bí mo ṣe rò lọ. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ lẹ́ńsì, itọ́ á ta sí i, ẹ má sì fi etí aṣọ nù ún kí eruku tó kúrò.

Bó bá jẹ́ fídíò lẹ fẹ́ ṣe jù, kámẹ́rà yìí kọ́ ló yẹ yín. Full HD ló mọ, kò ní ihò tí wọ́n ń ki maikirofóònù bọ̀, gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ kì í yí síwájú kéèyàn lè rí ara rẹ̀. Canon EOS R50, tó jáde ní 2023, ní gbogbo ìyẹn, ó ń ṣe fídíò 4K tó mọ́ ju Full HD lọ, gíráàmù 375 péré sì ni. Lẹ́ńsì EF á bá a ṣiṣẹ́ bí ẹ bá ra ohun ìsopọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́ fọ́tò ló wù ú, tí owó rẹ̀ ní ìwọ̀n, kó ra 2000D ní àlòkù tó mọ́, kó fi èyí tó bá ṣẹ́kù ra 50mm yẹn lọ́jọ́ kan náà.

Èmi ń tọ́jú owó báyìí fún EF-S 24mm f/2.8 STM. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gbà jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti f/5.6, kò tó ti 50mm, ṣùgbọ́n ó fẹ̀ tó láti gba àǹtí mi, ọkọ rẹ̀ àti ọmọ náà pa pọ̀ nínú yàrá yẹn, láìjẹ́ pé ẹ̀yìn mi kan ògiri.