Bogdan àti Vladimir: Orúkọ Ọkùnrin Méjì Láàárín Àwọn Ẹ̀yà Slav

Láàárín àwọn ẹ̀yà Slav, ìyẹn àwọn ènìyàn ìlà-oòrùn àti àárín Yúróòpù bíi àwọn ará Russia, Ukraine àti Poland, ìtumọ̀ Bogdan hàn kedere: «bog» ni Ọlọ́run, «dan» sì ni ohun tí a fi fúnni, nítorí náà ẹni tí Ọlọ́run fi ta òbí rẹ̀ lọ́rẹ ni ẹni tó ń jẹ́ ẹ, gẹ́gẹ́ bí Ọlọ́runfúnmi ṣe rí láàárín wa. Ti Vladimir kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ìṣàkóso ni apá àkọ́kọ́ rẹ̀ ń tọ́ka sí, ṣùgbọ́n apá kejì, tó jẹ mọ́ títóbi tàbí òkìkí láyé àtijọ́, ti yí padà di «mir», èyí tó túmọ̀ sí àlàáfíà tàbí ayé, débi pé ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé «alákòóso ayé» ni orúkọ náà ń jẹ́. Ìtumọ̀ àtijọ́ ni èmi fara mọ́.

Vladimir, ọba Kyiv tó gba ìrìbọmi ní nǹkan bí ọdún 988, tí ìjọ sì kà sí ẹni mímọ́, ló gbé orúkọ yìí ga. Volodymyr ni wọ́n ń pè é ní Ukraine, Włodzimierz sì ni ní Poland.

Bogdan kò ní irú ẹni mímọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn, síbẹ̀ Bohdan (bí wọ́n ṣe ń pe Bogdan ní Ukraine) Khmelnytsky, tó ṣáájú àwọn Cossack, ìyẹn àwọn jagunjagun ilẹ̀ náà, nínú ọ̀tẹ̀ ọdún 1648, sọ ọ́ di orúkọ ńlá ní Ukraine. Ohun tó wù mí jù nípa rẹ̀ ni pé ó ti rékọjá ààlà èdè, nítorí àwọn ará Romania, tí èdè wọn kì í ṣe ti Slav, ń sọ ọmọ wọn bẹ́ẹ̀ títí di òní.