Ọkọ̀ Wo Ni Kí Ẹ Wọ̀? Ìfiwéra Ọkọ̀ Ìgbafẹ́ Orí Odò Náílì àti ti Yúróòpù

Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo fa kọ́tìnnì yàrá wa nínú ọkọ̀ ní Luxor, ní Íjíbítì, kí ìyàwó mi lè fi Odò Náílì la ojú. Òyìnbó kan tó ń fá irùngbọ̀n la rí. Wọ́n ti so ọkọ̀ mìíràn mọ́ ẹ̀gbẹ́ tiwa lóru, fèrèsé kojú fèrèsé, ó kù díẹ̀ kí n na ọwọ́ bá a di abẹ mú. Ó juwọ́ sí wa, a juwọ́ sí i, ìyàwó mi fa kọ́tìnnì padà. Ejẹ́ǹtì tó gba owó wa kò sọ pé irú èyí wà. Èbúté kò tó fún iye ọkọ̀ tó ń ná Luxor àti Aswan, torí náà wọ́n máa ń tò wọ́n sí ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, mẹ́ta, mẹ́rin. Ẹni tí ọkọ̀ tirẹ̀ wà níta pátápátá á gba inú pálọ̀ àwọn tó kù kọjá kó tó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀.

Láti ìgbà tá a ti padà sí Kàbà ni àwọn èèyàn ti ń bi mí pé ọkọ̀ wo ló dára, pàápàá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba owó ìfẹ̀yìntì àti àwọn tí ọmọ wọn ní òkè òkun fẹ́ ṣe ojúṣe. Ohun kan náà ni mò ń sọ fún gbogbo wọn: etí odò lẹ fẹ́ lọ wò, ẹ kọ́kọ́ wádìí ibi tẹ́ ẹ máa jókòó sí tẹ́ ẹ fi máa rí i. Bẹ́ẹ̀dì tó rọ̀ àti oúnjẹ oríṣi mẹ́wàá, ẹ lè rí ìyẹn ní hòtẹ́ẹ̀lì l'Ábújá.

Náílì: ọkọ̀ ńlá tàbí dahabiya

Ọkọ̀ ńlá ni ọ̀pọ̀ wa máa wọ̀, torí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n. Yàrá 50 sí 80 ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Láti Luxor lọ sí Aswan, oru mẹ́rin. Bó bá jẹ́ Aswan lẹ ti gbéra, oru mẹ́ta. Ó ń dúró ní Edfu fún tẹ́ńpìlì Horus, ó sì ń dúró ní Kom Ombo, níbi tí wọ́n ti ń bọ òrìṣà olórí ọ̀nì láyé àtijọ́. Éáàkọ̀ńdíṣọ̀n ń ṣiṣẹ́, adágún ìwẹ̀ wà lórí òrùlé, atọ́nà á sì máa ṣàlàyé. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ibi kan náà ni gbogbo ọkọ̀ ń lọ lákòókò kan náà, ẹ̀yìn àwọn èèyàn lẹ máa rí ju ògiri tẹ́ńpìlì lọ.

Àmọ́ mi ò lè bú u tán, nítorí Esna. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń tò dúró kí wọ́n lè ṣí ilẹ̀kùn omi, tí omi á gbé e gun òkè bí ẹni gbé ọmọ sórí àga. Bá a ṣe ń dúró ni àwọn ọlọ́jà wa ọkọ̀ kékeré wá bá wa, wọ́n ń ju jalabíà tí wọ́n wé sínú ọ̀rá sókè sí wa lórí òrùlé. Bẹ́ ẹ ò bá fẹ́, ẹ jù ú padà. Bẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ fi owó sínú ọ̀rá kan náà, ẹ jù ú sísàlẹ̀. Ìyàwó mi ná ọjà látòkè títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ. Ó ra méjì, ọ̀kan ò gba òun, ọ̀kan ò gba èmi.

Dahabiya ní tirẹ̀ jẹ́ ọkọ̀ onígi tó ní ìgbòkun méjì, yàrá inú rẹ̀ kì í sábà ju 12 lọ. Omi Náílì ń ṣàn lọ sí àríwá, afẹ́fẹ́ sì sábà máa ń fẹ́ lọ sí gúúsù. Ìdí nìyẹn tí ìgbòkun fi ń ti ọkọ̀ gun odò láti Esna lọ sí Aswan láìsí ariwo ẹ́ńjìnnì. Bí afẹ́fẹ́ bá dákẹ́, ọkọ̀ kékeré kan á fi okùn fà á. Ó lè gúnlẹ̀ sí ibi tí ọkọ̀ ńlá kàn ń kọjá níwájú rẹ̀, bíi Gebel el-Silsila, níbi tí wọ́n ti ń gé òkúta tí wọ́n fi kọ́ àwọn tẹ́ńpìlì. Kò sí ẹni tó máa fá irùngbọ̀n lójú fèrèsé yín níbẹ̀.

Owó rẹ̀ ju ti ọkọ̀ ńlá lọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá jẹ́ ẹgbẹ́ tàbí mọ̀lẹ́bí bíi mẹ́rìndínlógún, ẹ lè gba odindi ọkọ̀ kan, kí ẹ wá pín owó rẹ̀ láàárín ara yín. Ẹni tí orúnkún ń dùn kó rò ó dáadáa, nítorí pákó tóóró ni wọ́n máa ń tẹ́ láti inú ọkọ̀ sí etí odò, kò sì sí lífùtù. Ẹ tún béèrè bóyá wọ́n máa ń pa jẹnẹrétọ̀ lóru.

Feluca? Ọkọ̀ ìgbòkun kékeré tí kò ní yàrá ni. Ìrọ̀lẹ́ kan ní Aswan tó o.

Rhine àti Danube: ọkọ̀ tí omi gé sí ìwọ̀n

Ní Yúróòpù, àwọn ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ara wọn. Ilẹ̀kùn omi tó wà lójú ọ̀nà láti Rhine dé Danube, títí kan odò àtọwọ́dá tí wọ́n ṣí lọ́dún 1992 láti so wọ́n pọ̀, fẹ̀ tó mítà 12 péré. Èyí ló fà á tí ọkọ̀ fi ń fẹ̀ ní mítà 11.4, tó sì ń gùn dé mítà 135, tó ń gbé èèyàn bíi 190. Ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ AmaMagna, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2019, fẹ̀ tó ìlọ́po méjì ìyẹn, àmọ́ orí Danube nìkan ló lè máa rìn.

Yàrá ló wá ya ọ̀kan sọ́tọ̀ sí èkejì. Ti ìsàlẹ̀ pátápátá kò wọ́n, ṣùgbọ́n fèrèsé rẹ̀ wà lókè nítòsí àjà, kò ṣeé ṣí, ojú omi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dọ́gba. Ti àárín ní ilẹ̀kùn gíláàsì tẹ́ ẹ lè ṣí sílẹ̀, irin sì wà níwájú rẹ̀. Ẹ ò lè bọ́ síta. Ọ̀pọ̀ ejẹ́ǹtì ń pe èyí ní bákónì, ẹ bi wọ́n bóyá àga lè wọ ibẹ̀. Ẹ yẹra fún yàrá ẹ̀yìn ọkọ̀ bẹ́ ẹ ò bá fẹ́ bá ẹ́ńjìnnì sùn.

Lórí Rhine, èmi á gba yàrá ìsàlẹ̀. Láti Bingen dé Koblenz ní Jámánì, nǹkan bí kìlómítà 65, ilé olódi ló wà lórí òkè lọ́tùn-ún lósì, kò sì sẹ́ni tó ń jókòó sí yàrá nígbà yẹn, orí òrùlé ni gbogbo èèyàn ń wà. Danube gùn, ó sì fẹ̀. Níbẹ̀ ni mo ti máa fowó kún un fún ilẹ̀kùn gíláàsì, pàápàá fún àfonífojì Wachau ní Austria, láàárín Melk àti Krems, àti alẹ́ tí ọkọ̀ bá wọ Budapest.

Ọ̀rọ̀ omi fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó mọ ohun tí ojú Lọ́kọ́ja rí lọ́wọ́ Odò Ọya lọ́dún 2012 àti 2022 kò nílò àlàyé púpọ̀. Omi Rhine fà gan-an lọ́dún 2018 àti 2022. Bó bá fà, ọkọ̀ kò ní kọjá, bọ́ọ̀sì ni wọ́n á fi gbé yín lọ bá ọkọ̀ mìíràn. Bó bá kún jù, ọkọ̀ kò ní lè gba abẹ́ afárá. Ní ti Náílì, láti ìgbà tí wọ́n ti parí dáàmù ńlá Aswan lọ́dún 1970, dáàmù ló ń ṣọ́ omi, òòrùn lẹ máa sá fún. Ẹ lọ láàárín oṣù kẹwàá sí oṣù kẹrin, nítorí ooru Aswan ń ju 40 dígírì lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn.

Ìwé ìrìn náà yàtọ̀. Íjíbítì, físà àti káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Yúróòpù, físà Schengen, ìyẹn físà kan ṣoṣo fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ibẹ̀, pẹ̀lú ìnṣọ́ránsì tí kò gbọ́dọ̀ dín sí 30,000 yúrò. Bí ọkọ̀ bá kọjá Họ́ngárì wọ Sáíbíà, ẹ ti jáde kúrò ní Schengen nìyẹn, Ròmáníà tó kàn sì wà nínú rẹ̀. Físà tó gba ìwọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ni kí ẹ béèrè fún. Iye tí wọ́n ń kọ sójú ìwé jẹ́ ti ẹnì kan nínú yàrá ẹlẹ́ni méjì. Ẹni tó bá dá lọ á san lé e. Ọkọ̀ orí odò kì í sábà ní dókítà, ẹ kó oògùn ìfúnpá yín dání. Ẹ kó ata gígún náà, ẹ má retí iyán.

Bó bá ṣì ń ṣe yín bóyá kẹ́ ẹ lọ, ẹ kọ́kọ́ lọ sí Lọ́kọ́ja, ẹ gba ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì fún wákàtí méjì, ẹ wọ ẹ̀wù ìdóòlà, kí wọ́n wà yín dé ibi tí omi Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé láìfẹ́ tètè pò pọ̀. Bó bá sú yín láàárín wákàtí kan, ẹ má fowó yín ra ọjọ́ méje.

Àbúrò ìyàwó mi àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìsánlú ti ń kó owó dahabiya jọ báyìí. Lánàá ni ejẹ́ǹtì pè, ó ń ka oúnjẹ inú ọkọ̀ fún wọn lórí fóònù. Ìyàwó mi gba fóònù lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fi ti oúnjẹ sílẹ̀ ná. Fèrèsé náà, kí ló kọjú sí?"