Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún fún ẹgbẹ́ aláàánú tó kó mi kúrò lójú títì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ eléyìí, ojú ló ń tì mí. Oṣù mọ́kànlá ni mo fi sùn síta. Iṣẹ́ ló bọ́ lọ́wọ́ mi, owó ilé pé, mi ò rí i san, láńlọ́ọ̀dù ní kí n jáde, mo lọ bá ọ̀rẹ́ mi kan, mo sùn lórí àga ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo tún kọrí sọ́dọ̀ ẹlòmíì, nígbà tó yá mo rí i lójú ìyàwó ẹ̀ pé ó ti sú wọn, mo bá gbé báàgì mi mo dágbére. Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ nìyẹn o. Láti ọjọ́ tó o ti ń sùn lórí àga onílé ni o ò ti nílé mọ́, kò kàn sẹ́ni tó máa kà ẹ́ mọ́ wọn ni, torí wọn ò tíì rí ẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí àwọn èèyàn yìí, wọn ò tíì tó nǹkan tá à ń pè lẹ́gbẹ́. Mọ́tò kan, èèyàn mẹ́rin, kúlà oúnjẹ gbígbóná nínú búùtù, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ lálẹ́, ó parí. Obìnrin tó ṣíwájú wọn, Mọ̀mí ni gbogbo wa ń pè wọ́n, wọn kì í dúró lé èèyàn lórí bá a sọ̀rọ̀, ṣe ni wọ́n máa lóṣòó síbi tó o jókòó sí, wọ́n á bi ẹ́ lórúkọ. Nígbà kẹta tí wọ́n máa wá, wọ́n ti pe orúkọ mi kí n tó lanu, wọ́n ní ẹsẹ̀ tó ń dùn ẹ́ yẹn ńkọ́? Mo sunkún lọ́jọ́ náà, mi ò ní purọ́ fún yín. Èèyàn lè wà níta fún oṣù kan gbáko kó má gbọ́ orúkọ ara ẹ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú bí wọ́n ṣe dàgbà ni pé ẹnu wa ni wọ́n ti gbọ́ ohun tó kàn. Wọ́n ní ìwé kékeré kan, tí wọ́n bá ti dé wọ́n á bi wá, kí lẹ ò rí lọ́sẹ̀ yìí? Wọ́n rò pé oúnjẹ la máa sọ. Ìbọ̀sẹ̀ la sọ, ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ. Tí ẹsẹ̀ bá wà nínú bàtà tútù fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, awọ ẹ̀ á funfun, á wú, á máa ta èèyàn bí iná, tí wọn ò bá tètè mójú tó o ó lè jẹrà, kò dẹ̀ dìgbà tí yìnyín bá ń bọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìbọ̀sẹ̀ wá, nígbà tó yá nọ́ọ̀sì kan ní òun á máa tẹ̀ lé wọn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ó ń fọ ẹsẹ̀ wa, ó ń di ojú egbò, ó dẹ̀ máa ń bi àwọn tó ní àtọ̀gbẹ pé níbo ni wọ́n ń tọ́jú insulin, oògùn abẹ́rẹ́ wọn, sí, torí insulin ò fẹ́ ooru, ẹni tó ń gbé inú báàgì, níbo ló ti fẹ́ rí fíríìjì?

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n yá gbọ̀ngàn kan tá a lè máa lò lójúmọmọ. Ibi ìwẹ̀ wà, ibi ìfọṣọ wà, èèyàn lè ṣáájì fóònù, lọ́kà tó ní kọ́kọ́rọ́ dẹ̀ wà. Tẹ́ ẹ bá bi mí, lọ́kà yẹn nìkan tó ìràwọ̀ márùn-ún. Ẹni tó ń ru gbogbo ẹrù ẹ̀ kiri ò lè wáṣẹ́, tó bá dẹ̀ sùn lọ, wọ́n á gbé e. Bí wọ́n ṣe gbé tèmi lóru ọjọ́ kan nìyẹn, káàdì ìdánimọ̀, sáfíkéètì, gbogbo ìwé mi pátá.

Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé oúnjẹ nìkan kọ́ ló máa gbé èèyàn kúrò níta. O ò ní àdírẹ́sì, wọn ò ní fún ẹ ní káàdì. O ò ní káàdì, wọn ò ní ṣí àkáùǹtì fún ẹ. Ta ló wá fẹ́ gbà ẹ́ síṣẹ́, ibo ló fẹ́ san owó oṣù ẹ sí? Mọ̀mí àtàwọn èèyàn wọn ṣe àpótí lẹ́tà sínú gbọ̀ngàn, wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ lè máa lo àdírẹ́sì ibẹ̀, wọ́n fún kálukú ní nọ́ńbà, tèmi ni 17. Ẹnì kan nínú wọn bá mi lọ to lórí ìlà láti àárọ̀ dọ̀sán, ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, títí káàdì tuntun fi jáde, wọ́n wá ṣe ẹ̀dà ẹ̀ sínú fáìlì wọn kó má bàa di pé mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ò dáa náà. Wọ́n gba ìwé àṣẹ, wọ́n ní ìgbìmọ̀, àwọn olówó ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í dá sí i, wọ́n gba ilé, wọ́n to bẹ́ẹ̀dì méjìlá sí i. Inú wa dùn. Àmọ́ àwọn tó ń mówó ńlá wá fẹ́ mọye èèyàn tó jẹun, iye tó sùn, fọ́ọ̀mù lórí fọ́ọ̀mù, òṣìṣẹ́ tuntun lónìí òmíì lọ́la, láàárín oṣù kan èèyàn mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ní kí n sọ bí mo ṣe di aláìnílé. Ojú egbò ni wọ́n ń ṣí yẹn. Tí aago méje àárọ̀ bá lù, gbogbo wa gbọ́dọ̀ jáde, òjò ń rọ̀ o, òjò ò rọ̀ o. Ẹni tó mutí ò lè wọlé, tọkọtaya ò lè wọlé pọ̀, ẹni tó lájá ò lè wọlé. Bàbá kan wà tóun àti ajá ẹ̀ ti jọ wà níta fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ní kó fajá sílẹ̀ kó wọlé, bàbá wò wọ́n, ó padà sábẹ́ afárá. Mi ò dá a lẹ́bi. Nígbà tó jẹ́ mọ́tò kan ṣoṣo ni wọ́n ní, wọ́n máa ń fún ajá yẹn náà lóúnjẹ, ìyẹn ló jẹ́ kó dùn mí.

A kọ̀wé, a fọwọ́ sí i, wọn ò dẹ̀ bínú, wọ́n pe ìpàdé. Wọ́n mú èèyàn méjì nínú àwa tá a ti sùn síta sínú ìgbìmọ̀, àwọn náà ń dìbò bíi tàwọn yòókù. Látìgbà yẹn, òṣìṣẹ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹ ló máa bá ẹ parí ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lo máa sọ ìtàn ẹ, wọ́n á kọ ọ́, wọ́n á fún ẹ ní ẹ̀dà. Wọ́n ya yàrá kan sọ́tọ̀ lẹ́yìnkùlé fáwọn tó lájá, bàbá yẹn ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́.

Ìpàdé yẹn náà la ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa Housing First, ìyẹn ni pé ilé ló kọ́kọ́ kàn. Ní 1992 ni Sam Tsemberis, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà èèyàn, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní New York, ó ní kí wọ́n fún èèyàn nílé ná, kí wọ́n má sọ pé ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ọtí sílẹ̀ kó tó tọ́ sí i, inú ilé ẹ̀ ni ìrànlọ́wọ́ á ti máa bá a. Ìjọba Finland gbé e láti 2008, wọ́n sọ ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n ń to bẹ́ẹ̀dì sí di ilé tí kálukú ní kọ́kọ́rọ́ tiẹ̀. Ẹgbẹ́ tiwa ò lówó ìjọba, yàrá mẹ́ta ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbà á lórúkọ ara wọn, wọ́n dúró fún wa níwájú láńlọ́ọ̀dù. Wọ́n ti ní mẹ́sàn-án báyìí. Mo bọ́ sí ọ̀kan.

Alẹ́ àkọ́kọ́, mi ò lè sùn lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo sùn sí, nílẹ̀, bàtà lẹ́sẹ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó bọ́ bàtà sùn. Òṣìṣẹ́ mi ń wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ, torí ìdákẹ́jẹ́ ilé le ju ariwo títì lọ níbẹ̀rẹ̀, tẹ́nì kankan ò bá yọjú sí ẹ, wàá fẹsẹ̀ ara ẹ padà síta lọ bá àwọn tó o mọ̀.

Ìràwọ̀ kan tí mo yọ, torí àwọn obìnrin ni mo ṣe yọ ọ́. Bẹ́ẹ̀dì méjì péré ni tiwọn. Obìnrin tí ò nílé kì í sùn síbi tójú máa rí i, òmíì á máa wọ bọ́ọ̀sì kiri mọ́jú, òmíì á tẹ̀ lé ọkùnrin tí ò wù ú torí òrùlé. Wọ́n mọ̀, wọ́n ní àwọn ń wá ilé, mò ń retí. Fóònù wọn kì í dẹ̀ẹ́ wọlé ní Sátidé àti Sọ́ńdè.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́, ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó kó nǹkan wá. Owó kékeré tó ń wọlé lóṣooṣù wúlò fún wọn ju owó ńlá ẹ̀ẹ̀kan lọ, torí oṣooṣù ni láńlọ́ọ̀dù ń gbowó ẹ̀. Ní 10 October, Ọjọ́ Àwọn Aláìnílé Lágbàáyé, èèyàn máa ń ya lù wá tòun ti kámẹ́rà, oṣù tó tẹ̀ lé e, mọ́tò Mọ̀mí nìkan la tún máa rí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n pè mí pé ṣé kí wọ́n yọ orúkọ mi kúrò lára àpótí 17, ọmọkùnrin kan ń dúró de nọ́ńbà. Èmi fúnra mi ni mo lọ bó o kúrò.