Ẹ má rà á o: tulip aláwọ̀ aró ò sí!

Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ ń gbin òdòdó sẹ́yìnkùlé nílùú Ọba níbí, ẹ ṣọ́ra. Oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá là ń ri bulb tulip, ìdí òdòdó náà tó rí bí àlùbọ́sà, mọ́lẹ̀, àwọn gbájúẹ̀ sì ti pàtẹ.

Lọ́dún tó kọjá, mo rí àwòrán tulip kan lórí Facebook, tó mu aró dénú bí àdìrẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú ìkòkò. Ọmọ aláró Abẹ́òkúta ni mí, ojú mi wọ̀ ọ́. Bulb 20, pọ́n-ùn 24. Wọ́n ní láti Hòláńdì ni. Nígbà tó dé, wọn ò ju ẹyọ aáyù lọ. Mẹ́ta ti rọ̀ bẹ̀tẹ̀, nǹkan funfun sì ń hù nídìí wọn bíi ti búrẹ́dì tó bu. Mo ṣáà rì wọ́n.

Nígbà tó di oṣù kẹrin, ewé kan ṣoṣo, pẹrẹsẹ, ni ọ̀pọ̀ wọn mú jáde. Bí tulip bá ti yọ ewé kan péré, ẹ má retí òdòdó lọ́dún yẹn, bulb náà ti kéré jù. Mẹ́rin ló yọ òdòdó. Pupa ni gbogbo wọn! Mo kọ̀wé sí ẹni tó tà á, ó ní kí n máa bomi rin ín, àwọ̀ á yí padà tó bá yá. Èmi ọmọ aláró! Lọ́jọ́ kejì, n ò rí ojúewé rẹ̀ mọ́.

Kò sí tulip aláwọ̀ aró láyé yìí. Blue Parrot àti Blue Diamond tẹ́ ẹ ń gbọ́ orúkọ wọn, elésè àlùkò ni wọ́n. Queen of Night tí wọ́n ní ó dúdú, elésè àlùkò tó ki ni òun náà. Ẹni tó bá sì ń ta irúgbìn tulip fún yín pé á yọ òdòdó lọ́dún tó ń bọ̀, irọ́ ló ń pa. Ó tó ọdún 5 sí 7 kí ti irúgbìn tó yọ òdòdó.

Ẹ béèrè bí àyíká bulb ṣe tó: sẹ̀ǹtímítà 12 sókè ni kẹ́ ẹ rà. Kó le, kó sì wúwo lọ́wọ́. Èèpo tó bó díẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Ẹ fi káàdì sanwó, ẹ má ṣe bíi tèmi tí mo fi ránṣẹ́ tààrà sí àkáǹtì ẹni tí n ò mọ̀.

Àná ni mo tún rí àwòrán yẹn, àwòrán kan náà gẹ́lẹ́. Orúkọ ti yí padà, owó rẹ̀ sì ti di pọ́n-ùn 29.