Mo sanwó Faransé, Yorùbá ni wọ́n kọ́ ọmọ mi: ìrìn-àjò pàṣípààrọ̀ sí Àjàṣẹ́

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn, ọmọ mi lọ ní àlàáfíà, ó sì bọ̀ ní àlàáfíà. Ó tilẹ̀ sanra díẹ̀. Ìyókù lẹjọ́ tó wà nílẹ̀.

Aṣọ ni mò ń tà ní Gbági, ní Ìbàdàn. Lọ́dún tó kọjá, iléèwé ọmọ mi obìnrin, tó wà ní SS1, fi lẹ́tà ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ kó ọmọ 18 lọ sí Porto-Novo ní orílẹ̀-èdè Benin fún ọjọ́ 12. Ilé onílé ni wọ́n máa gbé, wọ́n á máa bá àwọn ọmọ ibẹ̀ lọ sí iléèwé láàárọ̀, wọ́n á sì máa gbọ́ Faransé láti àárọ̀ dalẹ́. Tó bá yá, àwọn ọmọ ibẹ̀ náà á wá gbé lọ́dọ̀ wa. Ilé iṣẹ́ kan níbí ló bá iléèwé ṣètò rẹ̀. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí a ṣì jọ ń ríra, ọ̀kan nínú wọn sì máa ń ra léèsì lọ́wọ́ mi. ₦420,000 ni wọ́n gbà lórí ọmọ kan.

Àjàṣẹ́ làwa ń pe Porto-Novo (kì í ṣe Àjàṣẹ́-Ìpo ti Kwara o). Kí wọ́n tó ti bọ́dà pa ní 2019, mo máa ń lọ ra ọjà ní Tokpa ní Kùtọnu, mo sì mọ ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ bí ẹni mọ ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀. Ó yẹ kí n ti rántí ohun tí mo mọ̀. Ẹni tó bá ti ná ọjà ní Àjàṣẹ́ rí mọ̀ pé téèyàn bá ní "ẹ kú ọjà" níbẹ̀, ẹni tó máa dá a lóhùn ò wọ́n. Faransé ni èdè ìjọba wọn lóòótọ́, èdè Gùn sì ń dún ní gbogbo àdúgbò, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Yorùbá ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó kankan tó pín ilẹ̀. Mo mọ gbogbo èyí. Àmọ́ ìwé tí wọ́n fún wa ń dán, àwòrán ilé gíga ní Paris ló wà níwájú rẹ̀. Mo bá sanwó.

Aago márùn-ún ìdájí ni wọ́n ní ká kó ọmọ wá, aago méje ti kọjá kí bọ́ọ̀sì tó dé. Bọ́ọ̀sì náà mọ́, awakọ̀ ò sáré àsápajúdé, mo gbà fún wọn níbẹ̀. Sẹ̀mẹ̀ ni wọ́n ti kọsẹ̀. Ará ECOWAS ò nílò físà láti wọ Benin fún ọjọ́ 90, ìyẹn sì ni wọ́n fi ń dá wa lọ́kàn balẹ̀ pé kò sí wàhálà kankan. Kò sẹ́ni tó rántí sọ fún àwọn òbí pé ọmọ gbọ́dọ̀ mú yẹ́lò káàdì dání, ìyẹn káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Èmi ti fi ti ọmọ mi sáàárín ìwé ìrìnnà rẹ̀, torí ojú mi ti rí nǹkan ní bọ́dà. Ọmọ mẹ́rin ò ní. Nítorí ọmọ mẹ́rin, gbogbo wọn jókòó sínú oòrùn fún wákàtí mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n dé Ìbàdàn padà ni wọ́n wá ní ká san ₦15,000 sí i fún "ìnáwó bọ́dà". Mo béèrè rìsíìtì. Mo ṣì ń retí rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo pe nọ́ńbà ìyá ilé tí wọ́n kọ fún mi, kò lọ. Mo pè é títí. Mo pe ilé iṣẹ́, wọ́n ní nẹ́tíwọ̀kì ni. Nẹ́tíwọ̀kì kọ́ o! Ọmọkùnrin tó ń ta káàdì níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ló là mí lójú lọ́jọ́ kejì: láti ìparí oṣù kọkànlá 2024 ni wọ́n ti fi 01 síwájú gbogbo nọ́ńbà Benin, mẹ́jọ ti di mẹ́wàá. Nọ́ńbà àtijọ́ ni wọ́n kọ fún gbogbo wa. Mo fi 01 sí i lẹ́yìn 229 tó jẹ́ kóòdù Benin, ó wọlé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo ti kọ "Bonjour madame" sẹ́yìn bébà, mo kà á jáde bí ọmọ iléèwé. Obìnrin náà dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Ìyá wa, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọmọ yín ti jẹun, ó ti wẹ̀, ó wà lọ́dọ̀ màmá àgbà."

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé owó mi ti gba ọ̀nà ibòmíràn lọ.

Màmá àgbà yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìyá ọkọ ìyá ilé ni. Wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọn ò gbọ́ Faransé, wọn ò sì fẹ́ gbọ́ ìkankan nínú méjèèjì. Ọmọ tèmi ńkọ́? Ká má parọ́, Gẹ̀ẹ́sì la fi tọ́ ọ. Ó ń gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n tí o bá fi Yorùbá bi í, Gẹ̀ẹ́sì ló máa fi dáhùn, bíi ti ọ̀pọ̀ ọmọ Bódìjà tí ẹ mọ̀. Ní ọjọ́ kẹta, mo ń wọn ànkárá fún oníbàárà, fóònù dún. Ọmọ mi ni. Ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó jalè. Ó ní kí ni oríkì òun? Màmá àgbà ti ní àwọn ò lè máa fi orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì pe ọmọ ọlọ́mọ jẹun.

Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Mi ò rántí. Ìyá ọkọ mi ló fún un ní oríkì lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, a kọ ọ́ sínú bébà kan, bébà ti bá kíkó ilé lọ. Mo fi ọ̀pá ìwọnṣọ lélẹ̀, mo pe ìyá ọkọ mi ní Òkè-Àdó. Wọ́n dákẹ́ lórí fóònù fún ìgbà díẹ̀. "Ìwọ ìyá rẹ̀ náà ò mọ̀ ọ́n?" Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin nínú ṣọ́ọ̀bù mi. "Àṣàkẹ́ ni." Mo pe Àjàṣẹ́ padà, mo sọ fún un. Kí n tó pa fóònù, mo gbọ́ ohùn àgbàlagbà láti yàrá kejì: "Àṣàkẹ́ o!" Ọmọ tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta la máa ń pè é nílé kó tó ní "yes", ẹ̀ẹ̀kan péré ló fi dáhùn: "Ẹ mà!" Nígbà tí mo gbójú sókè, oníbàárà ti lọ sí ìsọ̀ kejì. Yáàdì mẹ́fà.

Oúnjẹ ò ní ẹjọ́. Amiwo (òkèlè àgbàdo tí wọ́n fi tòmátì rò) pẹ̀lú adìyẹ, ẹ̀kọ, búrẹ́dì gígùn láàárọ̀, àti wàrà tí wọ́n pa láró pupa, tí ọmọ mi kọ́kọ́ rò pé ẹran ni. Ìrìn-àjò káàkiri náà dára níbi tí wọ́n dé. Ó fi fọ́tò ilé aláràbarà kan ránṣẹ́, mo bi í pé ṣọ́ọ̀ṣì wo nìyí, ó ní mọ́ṣáláṣí ńlá Àjàṣẹ́ ni, ọwọ́ àwọn ọmọ wa tó ti oko ẹrú Brazil dé ni irú ilé bẹ́ẹ̀ ti wá. Wọ́n lo ọjọ́ kan gbáko ní Songhai, oko ńlá tí Àlùfáà Godfrey Nzamujo, ọmọ Nàìjíríà, dá sílẹ̀ ní 1985. Ó rí bí wọ́n ṣe ń fi ìgbẹ́ ẹran ṣe gáàsì ìdáná, ó sì ti ń yọ bàbá rẹ̀ lẹ́nu pé ká ṣe é nílé. Ganvié, ìlú orí omi lórí adágún Nokoué, tí wọ́n kọ gàdàgbà sínú ìwé, wọn ò dé bẹ̀. Ilé iṣẹ́ ní òjò ni. Ọmọ mi ní oòrùn ni.

Faransé wá ńkọ́? Ọmọ Ìbàdàn méjì ni wọ́n kó sílé kan náà. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ síra wọn, Yorùbá ni wọ́n ń sọ fún àgbà, Faransé kù sí wákàtí mẹ́rin ní iléèwé. Tíṣà ọmọ mi ní ó ti lè ná ọjà, ó lè ka owó, ó sì lè bínú ní Faransé. Àbúrò mi tó ka Faransé ní yunifásítì ò kúrò ní Nàìjíríà, Abúlé Faransé ní Badagry ni wọ́n kó wọn lọ, ó sì gbọ́ ọ ju báyìí lọ.

Ọjọ́ mẹ́fà péré sí i ni wọ́n tó sọ fún mi pé àlejò tiwa ń bọ̀, fún ọjọ́ mẹ́wàá, láìfún wa ní kọ́bọ̀ oúnjẹ. Ọmọ dáadáa ni. Mo rò pé àmàlà máa dẹ́rù bà á, ó ní télibó ni, pé wọ́n ń jẹ ẹ́ nílé. Gbẹ̀gìrì ni kò rí rí. Ó bu kún un lẹ́ẹ̀mejì. A mú un gun Láyípo, ilé gogoro tó wà ní Òkè-Àrẹ, ó wo páànù Ìbàdàn títí, ó ní, "Mọ́mì, ibo ló parí sí?" Ní alẹ́ ọjọ́ kan ó bi ọkọ mi pé, "Bàbá, kí ló dé tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ fi ń bá wọn wí?" Ọkọ mi fi ìwé ìròyìn bojú.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rán ọmọ lọ, ẹ béèrè èdè tí wọ́n ń sọ nínú ilé náà gan-an, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kó ọmọ méjì síbì kan, kẹ́ ẹ sì gba nọ́ńbà tó ní 01. Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Méjì àbọ̀ nínú mẹ́ta yẹn, ti màmá àgbà ni.

Ilé iṣẹ́ náà pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá nítorí àbúrò Àṣàkẹ́ ọkùnrin. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́ ẹjọ́ mi, àwọn ti wá ilé kan ní Kùtọnu tí wọn ò ti ń sọ ju Faransé lọ, kò ní gbọ́ Yorùbá rárá. Mo dúpẹ́. Mo wá bi wọ́n bóyá àyè ṣì wà nílé màmá àgbà. Wọ́n ní àwọn máa pè mí padà.