BedZED, gúúsù Lọ́ńdọ̀nù: àgbéyẹ̀wò látẹnu ẹni tó ń gbé ibẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ilé ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù ti ń bi mí léèrè nípa BedZED (Beddington Zero Energy Development), àdúgbò ilé tí wọ́n kọ́ kó má baà máa jẹ iná púpọ̀, níbi tí mò ń gbé: ṣé òótọ́ ni pé ilé náà kì í jẹ owó iná, ṣé ó sì ṣeé tọ́mọ? Ó ṣeé tọ́mọ dáadáa. Ti owó iná ni kò rí bí àwọn kan ṣe ń sọ ọ́.

Hackbridge ló wà, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Sutton, wọ́n sì parí rẹ̀ lọ́dún 2002. Bill Dunster ló ya àwòrán rẹ̀. Peabody, ẹgbẹ́ tó ń pèsè ilé fún mẹ̀kúnnù, àti BioRegional, ẹgbẹ́ tó ń rí sí ọ̀ràn àyíká, ni wọ́n jọ gbé e dìde. Ilé 82 ni wọ́n kọ́, pẹ̀lú àwọn ọ́fíìsì. Wọ́n ta ìdajì. Wọ́n ya ìdá kan nínú mẹ́rin sọ́tọ̀ fún àwọn tó máa ra apá kan kí wọ́n máa san rẹ́ǹtì lórí ìyókù. Ìdá kan nínú mẹ́rin tó kù jẹ́ ilé rẹ́ǹtì tówó rẹ̀ kò gun òkè. Olówó àti mẹ̀kúnnù jọ ń gba ojú ọ̀nà kan náà kọjá. Mo fẹ́ràn ìyẹn púpọ̀. Èmi gba tèmi lọ́wọ́ ẹni tó ra tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ ti òtútù. Ohun amóoru tí wọ́n kì sínú ògiri nípọn tó 300 mìlímítà, gíláàsì ojú fèrèsé sì jẹ́ onípele mẹ́ta. Ilé kọjú sí gúúsù, níbi tí oòrùn máa ń wà nílẹ̀ yìí, yàrá onígíláàsì kan sì wà níwájú. Bí oòrùn bá ràn díẹ̀ ní oṣù kìíní pàápàá, yàrá yẹn á móoru. A á ṣí ilẹ̀kùn tó wọ pálọ̀, ooru á wọlé. Nílé tí mo ti kó wá, ẹ̀rọ amúlémóoru kì í sinmi láàárọ̀ àti lálẹ́. Níbí, àwọn ọmọ ń wọ ẹ̀wù kan ṣoṣo káàkiri ilé nígbà òtútù. Owó iná ń wọlé o, ṣùgbọ́n kì í bani lẹ́rù mọ́.

Àwọn nǹkan aláwọ̀ mèremère tí ẹ máa ń rí lórí òrùlé nínú fọ́tò kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ibi tí atẹ́gùn bá ti ń fẹ́ ni wọ́n ń yíjú sí. Wọ́n ń fa afẹ́fẹ́ tuntun wọlé, wọ́n ń lé tògbólógbòó jáde, èyí tó ń jáde á sì ti fi ooru rẹ̀ yá èyí tó ń wọlé. Mò ń dín ata nínú ilé tí gbogbo fèrèsé tì, òórùn rẹ̀ kì í dùbúlẹ̀ sínú aṣọ.

Àwọn ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi polówó ibẹ̀ ni kò pẹ́. Èyí tó ń fi èérún igi pèsè iná àti omi gbígbóná fún gbogbo ilé dákẹ́ láàárín ọdún mélòó kan, gáàsì ló sì gba ipò rẹ̀. Èyí tó ń fi ewéko fọ omi ẹ̀gbin náà kógbá sílé. Ògiri, gíláàsì, àwọn nǹkan orí òrùlé tó ń gba atẹ́gùn àti ọgbà, tí kò ní ẹ́ńjìnnì, ni wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́ wọn. Tèmi ni pé ibẹ̀ ló yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ kọ́ irú ilé yìí kọ́kọ́ náwó sí.

Ọgbà gan-an ló mú mi dúró. Ọ́fíìsì wà lẹ́yìn àwọn ilé. Wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ sórí òrùlé rẹ̀, ó di ọgbà àwọn tó ń gbé òkè. Ẹlòmíì ní láti gba orí afárá tín-ín-rín kọjá, lókè ojú ọ̀nà, kó tó dé tirẹ̀. Ẹ ò lè dé ọgbà yín láìkí ẹni tó ń kọjá nísàlẹ̀ tàbí ẹni tó ń bomi rin òdòdó lódìkejì. Lójú tèmi, agboolé ni. Ọgbà òkè jẹ́ ti ẹni kọ̀ọ̀kan, pápá koríko ìsàlẹ̀ jẹ́ ti gbogbo wa, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n sì ti ọkọ̀ sí, kí ọmọdé lè sáré láàárín ilé. BioRegional ṣèwádìí lọ́dún 2007, wọ́n rí i pé ní ìpíndọ́gba, ará ibẹ̀ kan mọ ogún aládùúgbò lórúkọ; mẹ́jọ péré ni ní àdúgbò tó yí wa ká. Mo gbà á gbọ́.

Tẹ̀tẹ̀ ni mo gbìn sínú àpótí onípákó lókè. Lọ́jọ́ kan tí mò ń já a, màmá ará Jàmáíkà kan dúró lórí afárá, ó ní ewé yìí náà ni wọ́n fi ń jẹ ẹja oníyọ̀ nílé àwọn. Mo bu fún wọn. Nígbà tó yá, wọ́n gbé irúgbìn tiwọn wá, èyí tí ewé rẹ̀ pupa. Àwọn méjèèjì ló wà nínú àpótí kan náà báyìí.

Ohun tí ẹ ní láti fara dà ni pé yàrá onígíláàsì máa ń gbóná gan-an nígbà ooru. Ẹ ta kọ́tìnì, ẹ ṣí fèrèsé láti òwúrọ̀. (Ata rodo tèmi ń so níbẹ̀ bí ẹni pé Ìbàdàn ló wà.) Ibi ìgbọ́kọ̀sí kò pọ̀, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ìkómọ, ẹ sọ fún àlejò kí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Hackbridge. Ẹsẹ̀ lè gbé wọn dé ibẹ̀.

Kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ ní kí wọ́n mú yín dé ọgbà tó jẹ́ ti ilé yẹn gan-an, nítorí ó lè wà lódìkejì afárá. Ọ̀sán ni kí ẹ lọ, kí ẹ lè mọ bí oòrùn ṣe ń wọ pálọ̀.