Ayùn àti ìfági, tàbí ẹ̀rọ 3D: èwo ni kí olùkọ́ fi bẹ̀rẹ̀?

Olùkọ́ iṣẹ́-ọnà àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ní iléèwé girama lè fi irinṣẹ́ ọwọ́ bẹ̀rẹ̀, ó sì lè fi kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ 3D, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi ike mọ ohun tí a yà sórí kọ̀ǹpútà, bẹ̀rẹ̀. Irinṣẹ́ ọwọ́ ni mo fara mọ́. Ọmọ tó bá fi ayùn gé pákó á mọ bí igi ṣe ń là, á sì rí i pé àṣìwọ̀n mìlímítà 2 péré ti tó láti ba oríkèé pákó méjì jẹ́. Gbogbo kíláàsì sì lè jọ ṣiṣẹ́ pọ̀.

Ẹ̀rọ 3D ń yọ́ irú ike kan tí wọ́n ń pè ní PLA ní nǹkan bí 200°C, ohun kékeré kan sì lè gba wákàtí bíi mélòó kan. Ìlà àwọn ọmọ tó ń dúró de ẹ̀rọ náà á gùn. Ṣùgbọ́n àtúnṣe lórí kọ̀ǹpútà kì í fi pákó ṣòfò, ìyẹn sì dára gan-an fún ọmọ tí ẹ̀rù àṣìṣe ń bà.